Ìka Kẹfà Lára Ìkòkò Àwẹ̀ró

Láyé ìgbà tí ìkòkò amọ̀ ṣì wà lórí gbogbo ààrò, ọmọge kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìdílé amọ̀kòkò ni wọ́n bí i sí, àṣà wọn sì ni pé ìyàwó fúnra rẹ̀ ni yóò mọ ìkòkò tí yóò gbé lọ sílé ọkọ. Bí ìkòkò kò bá yọrí, ìgbéyàwó di ọdún mìíràn.

Láníyọnu ni Àwẹ̀ró fẹ́. Ká má purọ́, ọkùnrin náà fani mọ́ra. Bó bá rẹ́rìn-ín tí èjí rẹ̀ yọ, àwọn ọmọge etí odò á gbàgbé omi tí wọ́n wá pọn. Bí Àwẹ̀ró bá sì gbóhùn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ á wọ́.

Olúgbódi tó ń hun agbọ̀n ló wà nílé kejì. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bí wọ́n ṣe bí i: ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Abẹ́ aṣọ ni ọwọ́ náà máa ń wà bí Àwẹ̀ró bá ń kọjá. Yóò kí i, yóò máa wolẹ̀. Àwẹ̀ró á dáhùn, á bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó ku ọ̀la kí Àwẹ̀ró jẹ́ hẹn fún Láníyọnu níwájú ẹbí, òun àti ìyá rẹ̀ lọ wa amọ̀ lódò. Wọ́n fi àwọn ìkòkò ìyàwó sílẹ̀ lágbàálá, wọn ò tíì gbẹ, wọn ò tíì rí iná. Àfi bí òjò ṣe ṣú, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Àwẹ̀ró ń sáré, ó ń sunkún, nítorí bí òjò bá kan amọ̀ tútù, ẹrẹ̀ ló ń dà.

Nígbà tó délé, kò bá ìkòkò kankan lágbàálá. Gbogbo wọn ti wà nílé ìdáná, wọ́n tò jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Òjò dá, Láníyọnu yọ.

“Ọkọ ọmọ mi, o ṣeun o!” ni ìyá Àwẹ̀ró wí. “Ìwọ lo yọ wá nínú ìtìjú.”

Láníyọnu wo ìkòkò, ó wo ìyá, ó rẹ́rìn-ín. “Kí ló tó ọpẹ́ níbẹ̀, ìyá?”

Inú Àwẹ̀ró dùn dé ẹ̀yìn. Ó rí ojú ìka ẹni tó gbé ìkòkò tó tóbi jù, ó tẹ̀ wọ inú amọ̀. Ó ní òun kò ní pa á rẹ́ láéláé. “Ẹ gbọ́wọ́ yín lé e, kí n wò ó,” ló wí.

Láníyọnu gbọ́wọ́ lé e. Ìka márààrún rí àyè wọn, ṣùgbọ́n ojú ìka kan ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín tí kò rẹ́ni gbà á. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

“Ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo wà tójò fi dá,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ẹ̀yin náà lẹ ò bi mí.”

Àwẹ̀ró gbé ìkòkò náà, ó di ilé kejì. Ó bá Olúgbódi nínú aṣọ tó rin gbingbin. Kíá ló ti fọwọ́ pamọ́.

“Mú ọwọ́ ẹ jáde.”

“Má bínú, Àwẹ̀ró. Mo mọ̀ pé ẹrù ilé ọkọ ẹ ni.”

“Ìkòkò tí mo fẹ́ gbé lọ sílé ẹlòmíì, òun lo wá ń gbé sá fójò?”

“Ẹkún ẹ ni mi ò fẹ́ gbọ́.”

Àwẹ̀ró fa ọwọ́ náà jáde fúnra rẹ̀, ó gbé e lé ara ìkòkò. Ìka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé sáyè wọn. Ó wá gbójú sókè, ó wo ojú Olúgbódi dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú náà dára, kò kàn wò ó rí ni.

Ilé Olúgbódi ni ìkòkò náà bá a lọ lẹ́yìn tó jáde nínú iná, tòun ti ojú ìka lára rẹ̀. Bí ọmọge kan bá sì wá sọ́dọ̀ rẹ̀ wá ròyìn arẹwà tó gbà á lọ́kàn, Àwẹ̀ró á rọra yí ìkòkò náà kọjú sí i, á sì sọ gbólóhùn tí àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi dòwe, pé ẹni a fẹ́ la mọ̀, a ò mọ ẹni tó fẹ́ ni.