Ìgèrè Àwẹ̀ró Nínú Ibú Ọba

Ọ̀dọ̀fin Ògúndáre ló ń dájọ́ ní ìlú Etídò, ó sì fẹ́ràn ẹjọ́ tí kì í pẹ́. Èyí tó rọrùn fún un jù lọ ni ẹjọ́ ibú ọba, ibi jíjìn nínú odò tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ dẹ ìgèrè sí. Òfin àtijọ́ sọ pé ẹni tí wọ́n bá bá ìgèrè ẹja rẹ̀ nínú ibú náà kò gbọdọ̀ pẹja ní Etídò mọ́, kò sì gbọdọ̀ yanu sọ̀rọ̀, nítorí ìgèrè rẹ̀ ti rojọ́ tán. Olúkúlùkù apẹja ló ní àmì tó ń hun sí ẹnu ìgèrè tirẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun kọ́ ló ni ín.

Nígbà tó yá, ará ìlú lé ọba kan tó rorò kúrò lórí oyè. Wọ́n mú ọba tuntun búra kó tó dé adé, pé a kò ní fìyà jẹ ọmọ Etídò kankan láì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún àwọn òfin àtijọ́.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ̀ṣọ́ odò mú Àwẹ̀ró wá síwájú Ọ̀dọ̀fin pẹ̀lú ìgèrè rẹ̀ tó bá nínú ibú. Opó ni Àwẹ̀ró, ẹja ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá lé e kúrò lódò, ebi ni yóò di baálé ilé rẹ̀.

"Ìgèrè ti rojọ́ tán," ni Ọ̀dọ̀fin wí. "Máa lọ sílé."

Àwẹ̀ró wà lórí ìkúnlẹ̀, kò dìde. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọba búra, ẹ̀yin lẹ sì gbé idà tó fi búra. Àbí èmi kì í ṣe ọmọ Etídò ni?"

Ọ̀dọ̀fin ronú títí. "Òfin ibú ṣì wà," ló wí níkẹyìn. "Ti ọba ni ibú. Ṣùgbọ́n ibi tí òfin ti ní kí èèyàn panu mọ́ kò lè dúró níwájú ìbúra. Mo yọ ibẹ̀ kúrò nínú òfin náà lónìí. Sọ tẹnu rẹ."

"Òkè odò ni mo dẹ ìgèrè mi sí, mo sì so ó mọ́ èèkàn. Omi ló wọ́ ọ lọ. Ẹ bi ẹ̀ṣọ́ bóyá ó bá èèkàn nínú ibú."

Ẹ̀ṣọ́ họ orí. "Rárá, Bàbá. Ó kàn dojú dé sínú ẹrẹ̀ ni, ìtàkùn tó já ṣì wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe bá ti Àgbájé lọ́jọ́sí."

Ọ̀dọ̀fin dá Àwẹ̀ró láre, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Òun fúnra rẹ̀ ló lé Àgbájé kúrò lódò, láì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀. Kò ránṣẹ́ pè é. Ó rìn lọ bá a nínú oko olóko tó ti ń ṣe alágbàro, ó ní kó padà sídìí odò rẹ̀.

Àgbájé fi ọkọ́ tilẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ ti wá gbọ́ tẹnu mi ni?"

"N kò tíì gbọ́," ni Ọ̀dọ̀fin wí. Ó jókòó sórí ebè. "Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Àgbájé sọ ọ́, kò fi ohunkóhun pamọ́. Nígbà tó parí, omi lé ròrò lójú Ọ̀dọ̀fin. "Àgbà ni gbogbo ìlú ń pè mí," ló wí, "òṣìkà sì ni mo jẹ́ fún ọ."

Orúkọ tó fún ara rẹ̀ lórí ebè lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà sọ di òwe, tí wọ́n fi ń wí títí dòní pé: Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.