Ẹlẹ́ṣin Dìméjì

Géèmù ẹlẹ́ṣin tí Dìméjì ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà ò tíì parí tó ti gbé pátákó ilé iṣẹ́ kọ́ síwájú ilé ẹbí wa. Ó ní ká má pe òun lórúkọ mọ́, "Ọ̀gá Àgbà" ni ká máa pe òun. Ọ̀gá ta ni? Ó tún lé Àǹtí Abọ́sẹ̀dé, àbúrò bàbá rẹ̀, kúrò ní yàrá iwájú tí wọ́n ti ń ránṣọ. Ó ní ariwo máṣíìnì wọn ò ní jẹ́ káwọn òṣìṣẹ́ òun ronú. Òṣìṣẹ́ tí kò tíì gbà!

Lọ́jọ́ tó fẹ́ ṣílé iṣẹ́, gbogbo ẹbí pé. Ó sọ̀rọ̀ títí ó fi sú wa, kó tó wá tan géèmù. Ọkùnrin kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó dé fìlà olówó ńlá, ó jókòó yàkàtà sínú òfuurufú, ó ń ju ìpàkọ́.

Mọ́gàjí, olórí ẹbí, sún mọ́ ọn. "Ẹṣin ńkọ́?"

"A ṣì máa yà á, Bàbá. Ìpàkọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kó dáa. Odidi ọdún kan ni mo fi ṣe é."

Àǹtí Abọ́sẹ̀dé bú sẹ́rìn-ín. Mọ́gàjí ò rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní ẹni tí kò gun ẹṣin tó ń ju ìpàkọ́, bó bá wá gun ẹṣin ńkọ́? Òwe lásán ni mo pè é, àṣé ẹnì kan á jókòó ya àwòrán rẹ̀! Ọ̀gá Àgbà, lọ gbé máṣíìnì àǹtí rẹ padà wá."

Dìméjì gbé e rù. Ẹrù wúwo lórí, ìpàkọ́ ò ráyè mì.