Ìdí Tí Adìẹ Fi Ń Wá Jẹun Láìpè

Ọdún tí eéṣú jẹ oko wa ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Ìyá mi àgbà, Àwẹ̀ró, ló pa á fún wa bí a ti ń bó ẹ̀gúsí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn, kó lọ pa tirẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí.

Àlọ́ o!

Ẹ dáhùn kó rinlẹ̀: Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ta ló ń sọ fún adìẹ pé àsìkò oúnjẹ ti tó? Ẹ mú ìdáhùn yín dání. Àlọ́ mi gba abẹ́ igi ọsàn kọjá, ó bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo níbẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ àgbàdo kan.

Nígbà náà, inú igbó ni adìẹ ń gbé. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ jẹun, ẹnikẹ́ni kò bọ́ wọn. Mẹ́fà ni wọ́n, Àgbébọ̀ sì ni àgbà wọn. Lọ́dún tó ṣáájú, àṣá gbé gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ó ti ń darúgbó. Ẹyin tí yóò yé lọ́dún yìí nìkan ló gbójú lé.

Ìjàpá fẹ́ràn ẹyin. Àmọ́ adìẹ tó ń yé kì í jìnnà sí ìtẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ìjàpá ronú títí, ó wá pè wọ́n jọ.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ìyà tó ń jẹ yín ń dùn mí. Ẹ wo òkúta yìí. Bí òjìji igi ọsàn mi bá ti kàn án lọ́sàn-án, ẹ máa bọ̀, ẹ wá jẹ àgbàdo."

"Kí lẹ máa gbà lọ́wọ́ wa?" Àgbébọ̀ béèrè.

"Kí ni mo fẹ́ gbà? Ẹ jẹun, ẹ ṣàdúrà fún mi."

Bí òjìji bá kan òkúta, á gbé orin:

Adìẹ, ẹ yá o — Kọ̀-kọ̀!
Òjìji ti dé — Kọ̀-kọ̀!
Ẹ fìtẹ́ sílẹ̀ — Kọ̀-kọ̀!

Ẹ̀kúnwọ́ kan péré ló ń dà sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń jà lé e lórí, Yánníbo á gba ẹ̀yìn igbó, á mú ẹyin nínú ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan, á ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

"Baálé mi, wọn ò ní fura?"

"Adìẹ mọ òǹkà ni? Bó bá ti rí nǹkan funfun nínú ìtẹ́, ó parí."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, wọn kì í dúró de orin mọ́. Wọn kì í ha ilẹ̀ mọ́. Ikán ń rìn kọjá níwájú wọn, wọn ò wò ó. Bí oòrùn bá ti ń gòkè, wọn á máa lọ síwá sẹ́yìn, wọn á máa ṣá ara wọn lórí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹwàá, Àgbébọ̀ jókòó sórí ìtẹ́. Lóòótọ́ ni, kò mọ òǹkà. Àmọ́ ikùn rẹ̀ mọ bó ṣe yẹ kí ẹyin kún abẹ́ òun tó. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kàn án lára.

"Bàbá Ìjàpá, ẹnìkan ń kó ẹyin mi."

"Ejò ni! Ejò burúkú! Ẹ ṣáà máa jẹun, ìyá. N ó bá yín ṣọ́ ọ."

Lọ́jọ́ kejì, Àgbébọ̀ pinnu pé òun kò ní kúrò lórí ìtẹ́. Orin dé etí rẹ̀, kò dìde. Ó di ojú. Ó ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́. Ìgbà tó máa la ojú, abẹ́ igi ọsàn ló bá ara rẹ̀, àgbàdo wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló gbé mi débí?"

Kò sí ẹni tó gbé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Ó sunkún, àmọ́ ó gbé àgbàdo náà mì kó tó sunkún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá, kò sí èyí tó yé nínú wọn.

"Ẹyin ti tán nínú wọn," Ìjàpá wí. "N kò kọrin mọ́. Yánníbo, kó ọgọ́ta ẹyin yẹn jáde, kí á sè é."

"Bí wọ́n bá wá ńkọ́?"

"Èmi ni mo ń pè wọ́n. Bí mo bá pa ẹnu mọ́, kí ni wọ́n mọ̀?"

Wọ́n gbé ìkòkò kaná lábẹ́ igi ọsàn. Ẹyin jinná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ìjàpá kò kọrin. Òjìji rọra ń rìn títí ó fi kan òkúta. Adìẹ mẹ́fà sì yọ.

"Ta ló pè yín? Mi ò kọrin!"

"Ikùn wa ni," Àgbébọ̀ dáhùn. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ọ." Ó wo ìkòkò. Ó wo èèpo ẹyin tó yí Ìjàpá ká. "Bàbá, ṣé ejò yín náà ń dáná?"

Ni wọ́n bá bò ó, wọ́n ń ṣá a. Yánníbo ti sá lọ. Ìjàpá kó orí àti ẹsẹ̀ wọnú igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òjìji kan òkúta, wọ́n tún dé, wọ́n ṣá a. Ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Ìbínú wọn ti rọlẹ̀ nígbà náà o. Àsìkò ló ṣáà tó.

Ìdí nìyí tí ìjàpá fi ń sá pamọ́ sábẹ́ ewé lọ́sàn-án gangan. Ní ti adìẹ, wọ́n gbìyànjú láti padà máa ha ilẹ̀ nínú igbó, ikùn wọn ò gbà. Wọ́n bá wá sí ẹ̀yìnkùlé ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n. Àgbébọ̀ fi ẹnu yí ẹyin kan tó kù fún un títí dé ibẹ̀, kí ìtẹ́ àti oúnjẹ má bàa jìnnà síra mọ́. Ó sàba lé e, ó di ọmọ.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí àkùkọ má kọ lẹ́yìnkùlé mi lọ́la.

Apẹ̀rẹ̀ àgbàdo kan ló tán. Ọgọ́ta ẹyin ló lọ. Mẹ́wàá nínú rẹ̀ jẹ́ ti Àgbébọ̀.