Alágbẹ̀dẹ Tó Ti Ọwọ́ Bọ Igbá Ẹfun

Ìdí iná ni wọ́n bí Ògúnṣakin sí, ìdí iná náà ni ikọ́ ti mú un. Ní ìlú Ìdóṣùn, ilé wọn ló ń rọ ọkọ́ àti àdá fún gbogbo àgbẹ̀ agbègbè náà. Èéfín èédú ló pa bàbá rẹ̀, òun náà ló sì pa bàbá bàbá rẹ̀. Nígbà tí Ògúnṣakin lé díẹ̀ lógójì ọdún, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu nínú ẹ̀rùn, nígbà tí òjò sì dé, kò lọ. Àgbà oníṣègùn kan gbé etí lé e láyà, ó gbọ́ bó ṣe ń dún nínú lọ́hùn-ún.

Ó ní, “Dìde kúrò nídìí ẹwìrì. Bí o bá tún lo ẹ̀rùn méjì níbẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ wá pè mí.”

Ibi kan ṣoṣo ló kù tó lè lọ: ọjà. Àwọn àbúrò rẹ̀ yóò máa rọ irin, òun yóò máa tà á. Ṣùgbọ́n ní Ìdóṣùn ayé ìgbà náà, ènìyàn kì í ṣàdédé gbé ẹní lọ tẹ́ sọ́jà. Ẹgbẹ́ oníṣòwò, tí Pàràkòyí jẹ́ olórí wọn, gbọ́dọ̀ dán an wò ná.

Ìdánwò méjì ni wọ́n ní. Nínú ìdánwò ẹnu, àwọn àgbà méje yóò jókòó, wọn yóò máa ná ọjà tí kò sí níwájú ẹnikẹ́ni. Wọn yóò bu ẹnu àtẹ́ lù ú, wọn yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tí wọ́n ń dán wò yóò sì fún wọn lésì kí òkòtó tí wọ́n ta sílẹ̀ tó ṣubú. Nínú ìdánwò ọwọ́, ọjà gidi ni wọ́n máa ń kó kalẹ̀, tí wọ́n á ní kí ó ṣa èyí tó lábùkù kúrò nínú èyí tó dára. Kò sí òkòtó níbẹ̀. Ẹni tó yege nínú ti ẹnu á gba ẹnu ọ̀nà iwájú ilé Pàràkòyí wọ ọjà. Ẹni tó yege nínú ti ọwọ́ á gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Ọjà kan náà ni méjèèjì já sí. Ẹyọ kan ni ènìyàn lè yàn, ẹni tó bá sì kùnà, ó di ọdún mẹ́ta kó tó padà wá.

Ojú Ògúnṣakin wà lára ìdánwò ọwọ́ títí di ọjọ́ tí Láwọyin wá gba àdá rẹ̀. Ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ọmọ oníṣòwò ni Láwọyin, ó sì ti ní ìsọ̀ lọ́jà láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

“Mo gbọ́ pé o ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa.”

“Mo ń bọ̀. Ìdánwò ọwọ́ ni mo fẹ́ ṣe.”

Láwọyin fi àdá náà lélẹ̀. “Ọwọ́ kẹ̀?”

“Kí ló ṣe é?”

“Kò ṣe nǹkan kan o. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ṣáà ni wọ́n ń gbà wọlé, bí ewúrẹ́ tó ń wá èèpo iṣu. Ọmọ oníṣòwò gidi kan kò ṣe é rí. Ẹnu ni àwọn àgbà fi ń mọ ẹni tí ọjà wà lọ́kàn rẹ̀. Gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí wọ́n máa pè ọ́ ní alágbẹ̀dẹ títí o fi máa kú.”

Àwẹ̀ró, ìyàwó Ògúnṣakin, ń ṣa ẹ̀wà nítòsí. Kò gbójú sókè. “Láwọyin, ṣé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà ni?”

“Ìyàwó wa, ohun tí ojú mi rí ni mo sọ.” Ó gbé àdá rẹ̀, ó lọ.

Àwẹ̀ró kọjú sí ọkọ rẹ̀. “Baba Ìgè, ta ló mọ irin bíi tiyín ní ìlú yìí?”

“Ṣé o gbọ́ ohun tó wí? Èmi, àgbàlagbà, kí n gba ọ̀nà ewúrẹ́?”

“Ewúrẹ́ tó bá wọlé, ó jẹun. Èyí tí wọ́n tì mọ́ ìta níwájú ńkọ́?”

Ó fẹ́ fèsì, ikọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Oṣù márùn-ún ni ó fi kọ́ ẹnu. Nírọ̀lẹ́, bó bá ti fi ọmọ owú tó fi ń lu irin sílẹ̀, Àwẹ̀ró á ṣe bí oníbàárà, á ta òkòtó sórí àwo pẹrẹsẹ.

“Ọkọ́ wo rèé? Ó dà bí etí ìkòkò!”

“Ẹ̀... ẹ má wo bó ṣe kéré...”

“Òkòtó ti ṣubú, Baba Ìgè.”

“Tún un ta.”

Á tún un ta. Nígbà mìíràn ẹ̀rín á pa àwọn méjèèjì. Nígbà mìíràn ikọ́ á bẹ̀rẹ̀, á máa ká a kò títí òkòtó á fi yí tán.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Igbá méjì wà lẹ́nu ọ̀nà Pàràkòyí: ti ẹfun fún ẹnu, ti osùn fún ọwọ́; èyí tí ènìyàn bá ti ọwọ́ bọ ni ó yàn. Àwẹ̀ró dúró láàárín àwọn èrò, ó ń wo ọkọ rẹ̀. Ògúnṣakin dúró díẹ̀ níwájú igbá osùn. Ó rí Láwọyin láàárín àwọn oníṣòwò, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti ọwọ́ bọ igbá ẹfun.

Wọ́n mú un wọlé síwájú àwọn àgbà méje, ó fèsì sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ó fèsì sí ìkejì, òkòtó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìyá àgbà kan nínú wọn wá na ọwọ́ òfìfo sí i, bí ẹni tó di nǹkan mú.

“Ọkùnrin, ọkọ́ tí o tà fún mi lánàá rèé. Mo fi kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́. Ṣé amọ̀ lo fi ń rọ ọ́?”

Gbogbo oṣù márùn-ún náà fò lọ lórí Ògúnṣakin. Kò sí ọkọ́ ilé wọn tó ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́. “Ẹ mú un wá, ìyá. Ẹ jẹ́ kí n wò ó.”

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà la ọwọ́ méjèèjì fún un: kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òkòtó sì ṣubú.

Pàràkòyí ní, “Ó di ọdún mẹ́ta.”

Lẹ́yìn náà ó béèrè ẹni tó wá fún ìdánwò ọwọ́. Ẹnikẹ́ni kò jáde. Ọkọ́ márùn-ún ni wọ́n ti kó kalẹ̀; wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jù wọ́n padà sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, irin ń dún lu irin. Ògúnṣakin ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró, kò yíjú.

“Ìkẹrin yẹn ti là nínú.”

Pàràkòyí nìkan ló mọ èyí tó lábùkù tó fi sáàárín wọn. Ó yọ ọkọ́ kẹrin jáde fúnra rẹ̀, ó fi òkúta lù ú, ó ṣẹ́ sí méjì. Ní àárín irin náà ni ìlà dúdú kan wà, tín-ín-rín bí irun.

Àwẹ̀ró ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ ti rí i fúnra yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Nítorí àyà rẹ̀ ni.”

Pàràkòyí wo ọkọ́ tó ṣẹ́ náà pẹ́. “Ọkùnrin, fi ọwọ́ rẹ hàn mí.”

Ògúnṣakin gbé ọwọ́ sókè. Ẹfun funfun wà ní ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.

“Ìyá Ìgè,” Pàràkòyí wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, “òfin ni.”

Ògúnṣakin padà sídìí ẹwìrì, nítorí ọmọ ní láti jẹun. Ẹ̀rùn àkọ́kọ́ kọjá. Nínú ìkejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n sin ín kí òjò tó rọ̀.

Láwọyin wá kí Àwẹ̀ró kú ìdárò. Ó jókòó. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Láwọyin, oníbàárà tó ń wá sí ìsọ̀ rẹ, ṣé wọ́n ń béèrè ẹnu ọ̀nà tí o gbà wọlé?”

“Rárá.”

“Wọn ò béèrè rí?”

“Wọn ò béèrè rí, ìyàwó wa.”

“Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?”

Láwọyin dorí kodò. Àwẹ̀ró bu omi fún un, nítorí àlejò ni, ó sì tún ìbéèrè tó ti bi í lọ́jọ́ kìíní bi í, pé ṣé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà. Lọ́tẹ̀ yìí, Láwọyin dáhùn. Ìdáhùn tó fi omijé sọ nínú ilé òkú yẹn ni àwọn àgbà mú, tí wọ́n sì ń pa lówe títí di òní, pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.