Kòtò Amọ̀ Tí Wọn Ò Rí Dí

Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Òwe yìí kò ṣàjèèjì sí etí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ yunifásítì tí ẹ ń kọ́ bí orílẹ̀-èdè ṣe ń bá ara wọn lò, tí ẹ ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé le fún yín, ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹ gbé ìwé ńlá yẹn sílẹ̀ ná. Orí ọ̀rọ̀ ọjà ni wọ́n ti kọ́kọ́ pa á.

Láyé àtijọ́, ìlú méjì múlé gbera wọn: Igbó-Èlú àti Òkè-Amọ̀. Iṣẹ́ aró ni iṣẹ́ Igbó-Èlú, Òkè-Amọ̀ ló ń mọ ìkòkò. Ìkòkò wọn ni àwọn aláró fi ń po aró, òun náà ni wọ́n ń lu nídìí láti fi sẹ́ omi eérú tí wọ́n ń pò mọ́ èlú, ewé tí aró ti ń jáde. Aṣọ àwọn aláró ni àwọn amọ̀kòkò sì ń ró lọ sóde. Kò sí ẹni tó rántí dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkejì, torí ohun tó wà ní àrọ́wọ́tó kì í jọ ni lójú.

Nígbà tó yá, Balógun Lákànlé ti Igbó-Èlú wò ó pé àwọn amọ̀kòkò ń là jù. Ó fi kún owó ibodè orí ìkòkò. Òkè-Amọ̀ náà fi kún ti aṣọ. Èébú ń lọ, èébú ń bọ̀, títí wọ́n fi dí ọ̀nà pa. Balógun ní kí ló tiẹ̀ ṣòro nínú ìkòkò mímọ, kí àwọn obìnrin máa mọ tiwọn. Wọ́n pa aró tì, wọ́n ń po ilẹ̀. Iyanrìn ló pọ̀ nínú ilẹ̀ Igbó-Èlú. Bí iná bá ti kan ìkòkò wọn, á di àpáàdì. Wọn ò rí ìkòkò, wọn ò sì rí aṣọ tà mọ́. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ máa ń bí mi nínú.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni Àrìnọlá, olórí àwọn aláró. Ìkòkò kan ṣoṣo ló kù fún un, ó sì ti sán. Bí ìyẹn bá fọ́, iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ parí nìyẹn.

Ó wá gbọ́ pé Balógun fẹ́ kó àwọn ọkùnrin lọ fi òkúta dí kòtò tí Òkè-Amọ̀ ti ń wa amọ̀, kí wọ́n lè wá túúbá. Àrìnọlá kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kí wọ́n tó débẹ̀ láàárọ̀, ó ti jókòó sínú kòtò náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú amọ̀.

"Ìyá, ẹ dìde níbẹ̀!" Balógun pariwo. "Àbí ẹ̀yìn wọn lẹ wà ni?"

"Ẹ̀yìn ìkòkò mi ni mo wà. Èmi náà ń bá wọn jà, Balógun. N ò ní ta ẹyọ aṣọ kan fún wọn títí wọn ó fi dín owó ibodè wọn kù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dí kòtò yìí, lọ́jọ́ tí ìjà bá parí, inú kí ni n ó po aró sí?"

"Ẹ dìde, Ìyá. Òkúta ò mọ àgbà o."

"Ẹ máa dà á. Orí mi ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́!"

Kò sí ọkùnrin tó lè ju òkúta lu obìnrin tó pa aṣọ ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ láró. Ibi tí wọ́n dúró sí ni àwọn amọ̀kòkò ti bá wọn. Ògúnṣẹ̀yẹ, olórí wọn, mú àdá lọ́wọ́. Ó ti búra pé òun yóò gé gbogbo èlú Igbó-Èlú dànù. Ó gbọ́ ohun tí obìnrin náà sọ. Ó wo òkúta wọn, ó wo àdá ọwọ́ rẹ̀, ojú tì í. Ó na ọwọ́, ó fa Àrìnọlá jáde.

"Ìjà ò tíì parí o," ni Àrìnọlá wí.

"A mọ̀, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká jókòó jà á."

Ìjókòó náà pẹ́, èébú ò sì tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Balógun dín owó ibodè kù, Òkè-Amọ̀ dín tiwọn kù, ọ̀nà ṣí.

Nígbà tí àwọn àgbà bá rí ọmọ ìyá méjì, tọkọtaya, tàbí ìlú méjì tí ìbínú fẹ́ mú ba ohun tí àwọn méjèèjì ń jẹ jẹ́, òwe yìí ni wọ́n ń pa fún wọn. Wọn ò ní ká má jà o. Jà, béèrè ẹ̀tọ́ rẹ, má gbà kí wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò ń bá jà lónìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo ó tún ti rajà lọ́la.