Kíkí tí Lásákì Kí Olóyè

Olóyè Ògúnṣakin ló fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ tó fi gbá Lásákì adẹ́mu lójú títì, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ká bí ọ̀kùn. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, lọ́yà Olóyè ní kí Lásákì tọwọ́ bọ̀wé pé inú igbó lòun ti já lu ọkọ̀, tí Olóyè ò fi rí òun rárá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àtìmọ́lé ni yóò sùn. Lásákì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Màá tọwọ́ bọ̀ ọ́, sà. Ti kẹ̀kẹ́ kọ́ ló dùn mí. Mo kí Olóyè, wọn ò dáhùn. Wọ́n kọjá lára mi bí ẹni ń kọjá lára ewúrẹ́." Olóyè fò dìde. "Èmi? Kí wọ́n kí mi, kí n má dá a lóhùn? Ṣé mi ò na ọwọ́ méjèèjì sókè sí ẹ ni? Mi ò tún béèrè àlàáfíà ìyàwó ẹ?" Lọ́yà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. "Ẹ ṣeun, bàbá," ni Lásákì wí, "ọkàn mi ti balẹ̀." Sájẹ́ǹtì gbé bírò sílẹ̀. "Olóyè, nígbà tí ọwọ́ yín méjèèjì wà lókè, ta ló wá ń wa ọkọ̀?" Lọ́yà ká ìwé rẹ̀, ó sì rọra bi Lásákì pé irú kẹ̀kẹ́ wo ló fẹ́. "Èyí tó ní agogo, sà, kí n lè máa kí Olóyè láti òkèèrè."