Owó Abẹ́rẹ́ Nìkan Kọ́

Ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ dókítà àgbà ní ilé ìwòsàn kan, ènìyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Wọ́n gbé akọ̀pẹ kan wá síbẹ̀ tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣi òògùn rẹ̀ wọ̀n. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún un pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Àìsàn náà lọ, ṣùgbọ́n òòyì dé, kò sì lọ mọ́. Bí akọ̀pẹ bá ti dìde, ilẹ̀ a máa yí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Dókítà kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́, ó dá gbogbo owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, ọkàn òun dókítà sì balẹ̀.

Nígbà tó yá, ó lọ kí i nílé. Ó bá akọ̀pẹ lórí ẹní, tó di òpó mú. Ẹyìn pọ́n lórí ọ̀pẹ, ẹyẹ ń jẹ ẹ́. Ìyàwó tó máa ń ṣe epo tà kò rí ẹyìn ṣe mọ́. Ọkọ ló ń fà lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Àṣàkẹ́, ọmọ wọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó ń ru yanrìn fún àwọn bíríkìlà.

Dókítà ní, “Ìyá Àṣàkẹ́, mo ṣebí a ti san gbèsè yìí.”

Obìnrin náà kò bínú. “Owó abẹ́rẹ́ lẹ san, Dókítà. Ẹ ṣeun.”

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni obìnrin aládùúgbò kan pọn ọmọ rẹ̀ ń kọjá lọ, ara ọmọ náà gbóná bí iná. Dókítà ní kí ó jẹ́ kí àwọn jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ náà wo akọ̀pẹ, ó sì sọ fún dókítà pé, “Ẹ má bínú, sà. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní.”

Ojú ti dókítà. Akọ̀pẹ ló dáhùn: “Bá wọn lọ, ìyá ọmọ. Láìsí wọn, èmi ì bá ti kú. Dókítà, ojú ara yín ni kí ẹ fi wo òògùn rẹ̀ o.”

Ọmọ náà yè. Dókítà mú kí Àṣàkẹ́ padà sílé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn ń gbọ́ bùkátà ilé wọn, ènìyàn méjì sì ń wo òògùn kí wọ́n tó fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n akọ̀pẹ kò gun ọ̀pẹ mọ́ láéláé.

Ìwọ náà, ọ̀rẹ́ mi, tí ènìyàn wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ: bí àṣìṣe rẹ bá pa ẹnìkan lára, má ka ohun tó jáde lápò rẹ kí o ní o ti san án. Lọ sí ilé onítọ̀hún. Jókòó títí ojú rẹ yóò fi rí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.